Mọ́tò Oníná Ń Bọ̀: Kí Ni Onípáàtì Trade Fair Yóò Máa Tà?

Kò sí mẹkáníìkì kan láti Mile 2 dé Okokomaiko tí kò mọ NGK. Bí ẹ bá lọ ra plọ́ọ̀gì ní Trade Fair, orúkọ tí ọmọ ìsọ̀ yóò kọ́kọ́ dá nìyẹn, kó tó bi yín bóyá ojúlówó lẹ fẹ́ tàbí èyí tí owó rẹ̀ kò ga. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe plọ́ọ̀gì yìí ní Jàpáànù yí orúkọ ara rẹ̀ padà. NGK Spark Plug ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, Niterra ló ń jẹ́ báyìí. Ohun tó wà nínú páálí ṣì ń jẹ́ NGK o, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ kò fẹ́ kí wọ́n máa fi plọ́ọ̀gì pe òun mọ́. Ó ti rí i pé mọ́tò tí kì í lo plọ́ọ̀gì ń pọ̀ sí i, ó sì ti ń wá nǹkan mìíràn ṣe. Denso, tí òun náà jẹ́ ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nídìí plọ́ọ̀gì, gbà ní 2025 láti ta ẹ̀ka plọ́ọ̀gì tirẹ̀ fún Niterra yìí kan náà.

Bí ẹni tó ń ṣe ọjà bá ti ń wá ọ̀nà mìíràn, ó yẹ kí ẹni tó ń tà á béèrè ìdí. Àwọn tí ìsọ̀ wọn wà ní ASPAMDA ni mo ní lọ́kàn bí mo ṣe ń kọ èyí, ìyẹn ọjà páàtì mọ́tò tó wà nínú ọgbà Trade Fair lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, pẹ̀lú àwọn mẹkáníìkì, àwọn ríwáyà àti àwọn onímọ́tò Festac tí wọ́n ń ná ọjà náà. Ojú ọ̀nà Àgbádárìgì yìí ti rí oríṣiríṣi. Ní Ọ̀jọ́ ni Volkswagen ti bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ní 1975. Ilé-iṣẹ́ náà ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, síbẹ̀ Volkswagen ni kọ́ńdọ́kítọ̀ ṣì ń pe ibùdókọ̀ rẹ̀. Nítorí àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú ti 1977 ni wọ́n ṣe kọ́ Festac, ọdún yẹn náà sì ni Trade Fair kọ́kọ́ gbàlejò. Àwọn ayàwòrán-ilé láti Yugoslavia ló ya ọgbà náà fún ìpàtẹ ọjà àgbáyé. Wọn kò lè rò ó láé pé gáàsíkẹ́ẹ̀tì àti bọ́ọ̀ṣì ni yóò wá sọ ọ́ di ìlú ńlá. Ní 2023, rélùwéè Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Mile 2 lọ sí Marina. Iná mànàmáná ló ń wà á, ìpele kejì rẹ̀ yóò sì gba ẹnu Festac àti Trade Fair kọjá lọ sí Okokomaiko. Ọkọ̀ oníná tó kọ́kọ́ gbajúmọ̀ ládùúgbò yìí kì í ṣe mọ́tò rárá, kò sì sí páàtì rẹ̀ kankan ní ASPAMDA.

Kí a tó sọ̀rọ̀ jìnnà, ohun kan wà tí gbogbo onípáàtì mọ̀ àmọ́ tí wọn kì í sábà sọ jáde. Mọ́tò kọ́ ló ń bọ́ wọn. Ohun tó ń bàjẹ́ lára mọ́tò ló ń bọ́ wọn. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí mọ́tò oníná yóò ṣe sí ọjà, kó má kọ́kọ́ béèrè pé ìgbà wo ni yóò dé. Kó béèrè pé kí ló ń bàjẹ́ lára rẹ̀.

Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò elépo wò. Iná ń bú gbàù nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìǹjẹ́kítọ̀ ló ń fọ́n epo, plọ́ọ̀gì ló ń tanná sí i, písítìn ni iná náà ń tì, ríìngì ni kì í jẹ́ kí agbára jò, kíráńkì ló ń sọ títì di yíyí. Torí pé iná ń jó, ooru gbọ́dọ̀ ríbi gbà jáde, la ṣe ń ra rédíétọ̀ àti pọ́ńpù omi. Torí pé irin ń fara gbo irin, la ṣe ń ra ọ́ìlì àti fílítà. Èéfín ló mú sàlẹ́ńsà wá. Ẹ́ńjìnnì kò lè jí ara rẹ̀ lójú oorun, ó ń fẹ́ kíìkì sítátà. Kò lè gbéra láti orí òdo, ó ń fẹ́ kílọ́ọ̀ṣì àti gíà. Ní ASPAMDA, ẹ óò rí ẹni tó jẹ́ pé gíà nìkan ló ń tà, ẹ óò rí ẹni tó jẹ́ pé gáàsíkẹ́ẹ̀tì nìkan ni, ẹ óò sì rí ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí ẹni tó ń ta orí ẹ́ńjìnnì. Ìbúgbàù yẹn ló bí gbogbo wọn.

Mọ́tò oníná kì í jó nǹkan kan. Bátìrì tẹ́ pẹrẹsẹ sí abẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀. Iná ń ti ibẹ̀ lọ sínú ẹ̀rọ kan tó ń yí bí fáànù òrùlé ṣe ń yí, ohun kan ṣoṣo ló ń yí nínú rẹ̀ lórí bíárìnnì. Kò sí plọ́ọ̀gì. Kò sí ìǹjẹ́kítọ̀, kò sí pọ́ńpù epo, kò sí táímìnnì bẹ́líìtì, kò sí sàlẹ́ńsà, kò sí kílọ́ọ̀ṣì. Gíà tó wà níbẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ, kì í yí padà. Rédíétọ̀ lè wà, ṣùgbọ́n bátìrì àti ẹ̀rọ iná náà ló ń tù lára. Pípààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, tó máa ń mú oníbàárà padà wá sọ́dọ̀ mẹkáníìkì lẹ́yìn oṣù mélòó kan, tó sì jẹ́ pé níbẹ̀ ni mẹkáníìkì ti ń rí gbogbo àìsàn yòókù, kò sí mọ́.

Ohun tó kù kò kéré. Ṣọ́ọ̀kì, bọ́ọ̀ṣì, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, bíárìnnì ẹsẹ̀, wáípà, gíláàsì, báńpà, iná iwájú, gbogbo wọn ló wà lára mọ́tò oníná. Kòtò ọ̀nà Àgbádárìgì kì í béèrè bóyá epo tàbí iná lẹ fi ń rìn. Kódà, bátìrì wúwo. Ti Hyundai Kona oníná ju 400 kílò lọ, ìwúwo yẹn sì ń jẹ táyà àti ẹsẹ̀ mọ́tò ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀rọ rẹ̀ tún máa ń fa ọkọ̀ lójijì, táyà sì tún ń jìyà rẹ̀. Inú fọ́kánáísà yóò dùn. Ẹni tó ń ta bíréèkì páàdì ni kò ní dunnú: nígbà tí awakọ̀ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, ẹ̀rọ mọ́tò oníná á di jẹnẹrétọ̀, á máa dá iná padà sínú bátìrì, dídá-iná-padà yẹn náà ni yóò sì máa dín eré ọkọ̀ kù. Páàdì kì í tètè jẹ mọ́. Ẹni tó ti ń ta páàdì fún onítákísì lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún lè máà rí i fún ọdún púpọ̀.

Àwọn páàtì tuntun náà wà, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ orúkọ wọn: ìnífátà tó ń sọ iná bátìrì di èyí tí ẹ̀rọ ń lò, ṣájà inú ọkọ̀, pátákó onílẹ́ẹ̀kíróníìkì tó ń ṣọ́ bátìrì kó má gbóná jù, kó má sì kún jù, wáyà aláwọ̀ ọsàn tí iná tó lè pa èèyàn ń gbà kọjá. Ẹ óò rí i pé wọn kò dún bí ọjà ASPAMDA. Ọjà Alábà ni wọ́n dún bí.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ síbẹ̀ yẹn, torí pé ibẹ̀ ni mo rò pé ọ̀rọ̀ wà. Alábà àti Trade Fair kò jìnnà síra. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ wà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ṣe: Alábà ń ta tẹlifíṣàn, rédíò àti jẹnẹrétọ̀, Trade Fair ń ta páàtì. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí iná ìjọba ti sú àwọn èèyàn, Alábà ti di ibi tí wọ́n ń ra sólà, ìnífátà àti bátìrì lithium. Àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ ń tú bátìrì lithium palẹ̀, wọ́n ń wọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń yọ èyí tó kú, wọ́n ń fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Bátìrì mọ́tò oníná kò yàtọ̀ sí èyí ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tóbi, ó sì léwu jù ú lọ. Ní tèmi o, ìbéèrè tó yẹ kí onípáàtì máa bi ara rẹ̀ kì í ṣe bóyá mọ́tò oníná yóò pa òwò páàtì. Kò ní pa á. Ó lè ṣí i nípò lásán, kó gbé e kúrò ní Trade Fair lọ sí Alábà, sọ́wọ́ ẹni tí kò mọ gáàsíkẹ́ẹ̀tì yàtọ̀ sí ríìngì rárá.

Ìgbà wo wá ni? Lágbàáyé, mọ́tò oníná, pẹ̀lú àwọn tó ní epo àti iná pọ̀ tó ṣeé ṣáàjì, tí wọ́n tà ní 2024 lé ní mílíọ̀nù 17, ìyẹn ju ọ̀kan nínú mọ́tò tuntun márùn-ún lọ. Ní Nọ́wè, nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni. Ní Ṣáínà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì, bí a bá ka àwọn tó ní epo àti iná pọ̀ mọ́ wọn. Ethiópíà fòfin de gbígbé mọ́tò elépo wọ ìlú ní 2024. Lọ́dọ̀ tiwa, Sẹ́nétọ̀ Ben Murray-Bruce gbé àbá kan wá sílé aṣòfin ní 2019 pé kí mọ́tò elépo dópin ní Nàìjíríà tó bá di 2035. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú tó ń ta epo kò gbọdọ̀ gé ẹ̀ka tó jókòó lé, ó sì gbé àbá náà kúrò. Ọdún tó tẹ̀lé e ni Gómìnà Sanwó-Olú ṣí aṣọ lójú Hyundai Kona oníná tí ilé-iṣẹ́ Stallion kó jáde ní ọgbà Volkswagen àtijọ́ ní Ọ̀jọ́, ní mílíọ̀nù ₦24. Ìjọba àpapọ̀ sì fi ibùdó ṣáàjì tó ń lo òòrùn sí fásitì mẹ́ta, UNILAG wà nínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Bátìrì Kona náà gba nǹkan bí 64 kílówáàtì-wákàtí, ilé-iṣẹ́ sì ní ó lè rin 482 kìlómítà. Bí a bá fi owó iná Band A (ti àwọn tó ń rí iná jù lọ) tí wọ́n kéde ní oṣù kẹrin 2024 ṣe é, ₦225 fún kílówáàtì-wákàtí kan, kíkún bátìrì náà yóò jẹ́ ₦14,400. Mọ́tò elépo tó ń jẹ lítà 8 ní 100 kìlómítà yóò jẹ ju lítà 38 lọ ní ìrìn yẹn. Bí lítà bá jẹ́ ₦900, ó lé ní ₦34,000. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù karùn-ún 2023, nígbà tí lítà ṣì wà lábẹ́ ₦200, epo ìrìn yẹn kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Òwò ti yí padà o. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi jẹnẹrétọ̀ kékeré ṣáàjì mọ́tò, èrè yẹn yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù tán sínú èéfín, torí pé kílówáàtì-wákàtí kan lè jẹ tó ìdajì lítà epo. Ó sì pọ̀, àwọn ilé tí Band A kò dé.

Ohun tó ń dá mọ́tò oníná dúró jù lọ ni tòkunbọ̀. Ọ̀pọ̀ wa kì í ra mọ́tò tuntun. Mọ́tò tí wọ́n rà ní Amẹ́ríkà tàbí Jámánì ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ló ń gúnlẹ̀ sí Tin Can, tàbí tó ń gba Kútọnu wọlé, yóò sì tún lo ọdún mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mìíràn lọ́wọ́ wa. Corolla tó jáde lọ́dún tó kọjá yóò ṣì máa ra plọ́ọ̀gì ní 2045. Ẹni tó bá ń ta páàtì Toyota kò ní kógbá sílé láìpẹ́. Kódà ọjà rẹ̀ lè kọ́kọ́ gbèrú. Bí àwọn ará Yúróòpù bá ṣe ń sáré lọ sórí mọ́tò oníná, wọn yóò máa wá ẹni tí wọn yóò ti mọ́tò elépo wọn sí lára, a sì mọ ẹni náà. Ẹ́ńjìnnì Belgium, tí wọ́n yọ lára mọ́tò tí wọ́n ti pa tì lókè òkun, yóò pọ̀ nínú kọ̀ǹténà. Ewu tó wà lẹ́yìn ìyẹn kò hàn lójú: páàtì tuntun ojúlówó. ZF, tó ni Sachs táwọn mẹkáníìkì wa mọ̀ nídìí kílọ́ọ̀ṣì àti ṣọ́ọ̀kì, kéde ní 2024 pé òun lè dín iṣẹ́ tó tó 14,000 kù ní Jámánì kí 2028 tó parí. Bí iye ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe kílọ́ọ̀ṣì tuntun bá ń dín kù, ojúlówó yóò máa wọ́n, ayédèrú yóò máa gbòòrò sí i.

Ṣùgbọ́n èyí kan mọ́tò nìkan. Ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá kì í ṣe tòkunbọ̀. Tuntun la ń rà wọ́n, láti Índíà àti Ṣáínà, wọn kì í sì pẹ́ kí wọ́n tó gbó. Àyípadà kò ní láti dúró de ọdún mẹ́wàá kó tó kàn wọ́n. Ẹ wo Kútọnu àti Lomé. Ní 2022 ni ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní M Auto, tó ti di Spiro báyìí, bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀kadà oníná sí ojú títì Benin àti Tógò. Ọlọ́kadà kò ní jókòó ti bátìrì kó tó kún. Yóò dúró ní ibùdó, yóò fi èyí tó tán sílẹ̀, yóò gbé èyí tó kún. Spiro ti wọ Nàìjíríà náà, ó wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn. MAX, tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, náà sì ní ọ̀kadà oníná.

Onípáàtì ọ̀kadà gbọ́dọ̀ wo ètò yìí dáadáa, torí ohun méjì ló ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àkọ́kọ́ ni káblétọ̀, plọ́ọ̀gì, ríìngì, písítìn àti ọ́ìlì, gbogbo ohun tó ń tà jù. Èkejì burú jù ú lọ: bátìrì kì í ṣe ti ọlọ́kadà, ti ilé-iṣẹ́ ni. Bí ó bá bàjẹ́, ilé-iṣẹ́ ló ń tún un ṣe nínú ọgbà tirẹ̀. Ẹni tó ń gun ún kò ní í wá sí ọjà rárá. Ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ lára mọ́tò oníná tuntun, níbi tí ṣọ́fítíwíà ti ń ti páàtì mọ́ ara ọkọ̀. Àwọn tó ń ta bíréènì bọ́ọ̀sì Belgium, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, mọ̀ ọ́n: bí ẹ bá fi bíréènì bọ́ọ̀sì mọ́tò kan sínú òmíràn, ó lè kọ̀ kó má jí àyàfi bí wọ́n bá tún un kọ. Lára mọ́tò oníná, ọ̀pọ̀ páàtì ló ń hu irú ìwà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́fítíwíà náà lè ní páàtì lọ́wọ́ kó má sì rí i tà.

Gáàsì CNG, tí ìjọba ń polongo láti 2023, kò sí nínú ẹgbẹ́ yìí o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn èèyàn máa ń kó wọn pọ̀ mọ́ra. Mọ́tò tí wọ́n fi CNG sí ṣì ní ẹ́ńjìnnì. Ó ń jẹ plọ́ọ̀gì, kódà ó lè jẹ ẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì ń fẹ́ ọ́ìlì. Ó tún mú sìlíńdà àti régúlétọ̀ wá sórí káńtà. Ọ̀rẹ́ onípáàtì ni CNG.

Ohun tí mo rí pé ó lè ṣe ilé-ẹ̀kọ́ fún ọjà yìí ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀: mọ́tò alápapọ̀, tó ní ẹ́ńjìnnì àti bátìrì ńlá pọ̀, irú Prius àti Camry Hybrid tó ń wọlé bíi tòkunbọ̀. Àwọn kan kì í fẹ́ rà á nítorí ẹ̀rù bátìrì. Ẹ̀rù yẹn gan-an ni ọjà. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń yẹ bátìrì hybrid wò, tí ó sì ní èyí tó dára láti fi rọ́pò rẹ̀, kò ní òǹdíje púpọ̀. Bátìrì lithium sì ń dínwó: ní 2010 kílówáàtì-wákàtí kan lé ní $1,000, ní 2024 ó ti bọ́ sí nǹkan bí $115. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọwọ́ lásán tú bátìrì hybrid. Iná tó wà nínú rẹ̀ lé ní 200 fólíìtì, ti mọ́tò oníná pátápátá sì lè tó 400 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó nípọn, tí wọ́n ṣe fún iná ńlá, kì í ṣe afẹ́.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ni ìsọ̀ ní ASPAMDA wá láti Nnewi àti agbègbè rẹ̀, Nnewi sì ti rí irú àyípadà yìí rí. Cletus Ibeto ń ta páàtì kó tó dá ilé-iṣẹ́ bátìrì mọ́tò sílẹ̀. Innocent Chukwuma ti Innoson ń ta páàtì ọ̀kadà. Ó rí i pé ọ̀kadà tí wọ́n tú palẹ̀ máa ń gba àyè díẹ̀ nínú kọ̀ǹténà ju èyí tí wọ́n ti tò lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó o ní títú wá, ó ń tò ó níbí, títí ó fi ń ṣe mọ́tò. Òwò páàtì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọn kò sì dúró síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá kù sí ọwọ́ ọmọ iṣẹ́. Ọmọ tó wọ ìsọ̀ ọ̀gá lónìí, tí wọ́n bá dá sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan, yóò ta páàtì tirẹ̀ títí di nǹkan bí 2060. Bí gáàsíkẹ́ẹ̀tì àti ríìngì nìkan ni ó bá mọ̀, ìdajì àkọ́kọ́ ìgbésí ayé òwò rẹ̀ nìkan la fún un. Bí mo bá jẹ́ ọ̀gá, bọ́ọ̀ṣì, ṣọ́ọ̀kì àti bíárìnnì ni màá kọ́kọ́ kọ́ ọ, torí pé ọkọ̀ méjèèjì ló ń lò wọ́n. Lẹ́yìn náà ni màá kọ́ ọ bí a ṣe ń ka skánà, màá sì ní kó lo oṣù díẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún bátìrì lithium ṣe ní Alábà, kó tó padà wá sídìí káńtà.